Ìwé Kan Wà ní Lọ́kọ́jà

Ìwé kan wà ní Lọ́kọ́jà tó mọ orúkọ mi.
Kò mọ̀ pé irun mi ti funfun,
pé eyín iwájú mi méjì ti lọ,
kò gbọ́ pé mo bímọ, pé mo sin ìyá mi.
Nínú rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí,
ọkọ̀ pákó ni mò ń bá kiri,
àná òde yìí ni mo sá lọ.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí: èmi kọ́ ni mo jalè.
Bùsàrí ló gé igi ìjọba,
èmi ni mo dúró fún un.
Akọ̀wé kóòtù ní, "Fọwọ́ síbí."
Bírò ọ̀hún ò yọ dáadáa, mo tún un tẹ̀.
Ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ pé, wọ́n pe Bùsàrí lẹ́ẹ̀mẹta,
àga òfìfo ló dá wọn lóhùn.
Adájọ́ gbójú sókè, ó ń wá onídùúró.
Onídùúró ti wà láàárín apẹ̀rẹ̀ ẹja gbígbẹ,
ó ń wo Odò Ọya bó ṣe ń kéré lẹ́yìn ọkọ̀.

Ọdún kẹtàlélógún rèé ní Òṣogbo.
Ẹ̀rọ ìránṣọ ni mò ń tún ṣe ní Alékúwodò.
Bàbá Oníṣíńgà ni wọ́n ń pè mí.
Làsísì tó wà nínú ìwé yẹn, ìyàwó mi nìkan ló mọ̀ ọ́n,
kì í sì í pè é lójú ọ̀sán.
Télọ̀ tó ń rán aṣọ ọlọ́pàá máa ń gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá.
Mo máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn ẹ̀hún dúdú jáde lábẹ́ abẹ́rẹ́,
ọwọ́ mi á máa gbọ̀n,
bí ẹni pé ẹ̀hún lè dìde kó ní kí n káló.

Mo mọ ibi tí ayé mi pin sí.
Mo ti dé Ìkìrun. Mo dé Ọ̀fà lẹ́ẹ̀kan,
mo díbọ́n pé mo sùn níbi gbogbo tí wọ́n ti dá wa dúró.
Òmù-Àrán ni ògiri mi.
Ẹ̀gbọ́n mi kú ní Kábbà, owó ni mo fi ránṣẹ́.
Wọ́n ní ogún ọdún ń bọ̀ wá dọ̀la.
Tèmi ti lé lógún,
ọ̀la ò dé, àná ò sì lọ.

Ṣìfáwù wá sáré wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Tuesdé,
ó na fóònù sí mi lójú:
"Bàbá, Kogí ni wọ́n fi mí sí! Ẹ ó wá wò mí, àbí?"
Mo tún fún síkúrù kan tó ti le tẹ́lẹ̀.

Lóru, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sọ fún un.
Ó dákẹ́ títí iná fi dé, tí iná tún fi lọ.
Ó ní, "Kí lẹ dúró fún Bùsàrí sí?"
Mo ní ó yá mi ní sálúbàtà rẹ̀ nígbà kan tí òjò ń rọ̀.
Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò parí bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ní gáréèjì, mo gbé báàgì rẹ̀ wọlé ọkọ̀,
mo gbàgbé ọwọ́ mi sára ilẹ̀kùn
títí awakọ̀ fi ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀ ń lọ ni?"

Lánàá ó pè mí.
"Mo kọjá níwájú kóòtù yẹn. Wọ́n ti fi ọ̀dà tuntun kùn ún.
Ewúrẹ́ kan sùn sẹ́nu ọ̀nà.
Bàbá, mi ò tíì wọlé o.
Ṣé kí n wọlé?"
Mo di fóònù mú.
Ẹ̀rọ iwájú mi ń ránṣọ lọ, ń ránṣọ lọ,
kò sí òwú nínú rẹ̀.